Orúkọ Tí Ìyàwó Ilé Kì Í Pè

Iná pupa tàn lójú Ìyálé, gbogbo ẹni tó jókòó sínú gbọ̀ngàn sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Òkè-Ààbò, kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tí pupa jẹ́. Àwọn tó ti ń múra àtibá obìnrin tó wá gba ọmọ rẹ̀ yọ̀ gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń ṣe bíi pé bàtà ẹsẹ̀ wọn ni wọ́n ń wò.

"Ẹ̀rọ yìí ò gbọ́ mi dáadáa ni," obìnrin náà wí. Ó ti jáde kúrò ní yàrá ọ̀tún, ó sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu gíláàsì tó wà lójú ẹ̀rọ náà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún un kó tún etí ẹ̀ ṣe! Ọmọ mi ló wà nínú yàrá kejì yẹn!"

"Ọ̀rọ̀ olùbéèrè àti ọ̀rọ̀ ọmọ kò bára mu," ni Ìyálé fèsì, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ tí kì í yí padà, yálà ó ń kí èèyàn kú oríire tàbí ó ń tú ilé ká. "Olùbéèrè pe ọmọ náà ní Ẹyínfúnjowó. Ọmọ náà pe ara rẹ̀ ní Mojírádé. Ọmọ náà kò mọ orúkọ olùbéèrè. Ẹ̀tọ́ kò dájú."

Orúkọ tí ìjọba fún ẹ̀rọ yìí gùn débi pé kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀ mọ́. Ìyálé ni àwọn èèyàn sọ ọ́, nítorí pé ó máa ń fura sí gbogbo obìnrin tó bá wọlé, kì í gbàgbé ọ̀rọ̀, kì í sì í sùn.

Ṣìjúadé dìde nídìí tábìlì rẹ̀. Òun ló ń bójú tó gbọ̀ngàn ìwádìí ní Ilé Ìsopọ̀ Ẹbí, iná pupa tó sì ti rí látìgbà tí omi ti gbé àwọn ìlú ìsàlẹ̀ lọ kọjá ohun téèyàn ń fẹnu sọ. Òpùrọ́ paraku ni àwọn kan lára àwọn tí iná náà ti mú. Nígbà tí ìjọba kéde pé yàrá àti oúnjẹ kò tọ́ sí ẹni tó dá wà mọ́, pé agbo-ilé nìkan ló tọ́ sí, ńṣe ni àwọn adáwà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́mọ ọlọ́mọ kí wọ́n lè fi di agbo-ilé. Torí wọn ni wọ́n ṣe gbé Ìyálé wá. Ṣùgbọ́n Ṣìjúadé mọ bí òpùrọ́ ṣe ń ṣe tí iná bá ti pupa: ojú ẹ̀ á ti máa lọ sẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin yìí kò tiẹ̀ rántí pé ẹnu ọ̀nà wà. Yàrá òsì ló ń wò, níbi tí ọmọ náà wà, àfi bíi pé ó fẹ́ fi ojú lu ògiri ibẹ̀ wó.

"Wá jókòó, àbúrò mi," ni Ṣìjúadé wí. Ó fà á lọ́wọ́ jókòó sórí àga ike. Ẹ̀gbà aláwọ̀ eérú ló wà lọ́rùn ọwọ́ obìnrin náà. Ẹni tó bá wọ ẹ̀gbà eérú, ilẹ̀kùn kankan kò ní ṣí fún un lórí òkè yìí; abà ni irú wọn ń sùn sí, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bá wọn jẹ oúnjẹ. "Kí lorúkọ ẹ?"

"Àrìnpé ni, mà."

"Ṣé ìwọ lo bí ọmọ náà?"

"Àbúrò ọkọ mi ni, mà. Àbígbẹ̀yìn ilé wọn. Ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gbé mi wọlé. Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń dirun fún un, ẹ̀yìn mi ló ń sùn sí títí tó fi di ọmọ ńlá. Omi gbé ìyá ọkọ mi lọ, ó gbé bàbá wọn. Ó gbé ọkọ mi náà lọ. Ó wá ku èmi pẹ̀lú ẹ̀. Gbogbo abà tó wà lórí òkè yìí ni mo ti wá a dé, mà. Àná ni wọ́n sọ fún mi pé ó wà lọ́dọ̀ yín."

"Kí ló dé tó o pè é ní Ẹyínfúnjowó fún ẹ̀rọ?" Ṣìjúadé bi í, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti mọ̀.

Àrìnpé wò ó tìyanu-tìyanu. "Kí ni kí n pè é, mà? Ó ṣáájú mi délé."

Ọ̀rọ̀ náà kò fẹ́ àlàyé kankan mọ́. Ìyá Ṣìjúadé fúnra rẹ̀ kú láìpe àbúrò ọkọ rẹ̀ kankan lórúkọ. Akọ̀wé ló ń pe ọ̀kan nínú wọn títí tó fi wọ ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Kí ìyàwó kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, kó wá máa pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ gbàgà, ìwọ̀sí ni. Àwọn ará ilé á bi í bóyá òun náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ. Ọmọ náà, ní tirẹ̀, "Ìyàwó wa" láá máa pe obìnrin náà títí ayé, á sì dàgbà láìbéèrè orúkọ tí ìyá ìyàwó sọ ọ́. Gbogbo ìlú ìsàlẹ̀ ló mọ èyí. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ́ Ìyálé lọ́gbọ́n, inú ilé alájà gogoro ni wọ́n dàgbà sí lókèèrè, níbi tó jẹ́ pé orúkọ tó wà lára ilẹ̀kùn nìkan lèèyàn ń jẹ́.

"Ǹjẹ́ o mọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

"O ò wá sọ ọ́."

"Ẹ̀rọ ní kí ni mò ń pè é. Mi ò pè é bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ṣé kí n purọ́ fún un ni?"

Ọ̀gá Láṣebìkan yọ sí wọn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó di ife tíì mú bí ẹni tó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú nínú èrò. Òun ni olórí Ilé Ìsopọ̀ Ẹbí. Kí omi tó dé, ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní ìlú ìsàlẹ̀ kan, wọ́n ń wọn ọmọ ọwọ́ níbẹ̀, wọ́n ń parí ìjà tọkọtaya, wọ́n sì ń fún opó ní ohun tó lè fi bẹ̀rẹ̀ òwò. Ní báyìí, gbọ̀ngàn kan ṣoṣo ló ní páànù lórí. Yàrá tí wọ́n á ti máa wọn ọmọ ṣì wà láìní òrùlé, òjò sì ń wọn ilẹ̀ ibẹ̀ ní tirẹ̀.

"Ṣìjú, bàálù ti balẹ̀ o," ni ó wí. "Bí oòrùn bá ti wọ̀, á gbéra. Ọmọ ẹni tí Ìyálé ò bá tíì fọwọ́ sí á bá a lọ."

"Ọ̀gá, òótọ́ lobìnrin yìí ń sọ. Ìyàwó ilé ni."

"Mo mọ̀. Ìwọ náà mọ̀. Ìyálé ò mọ̀." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo ti bá wọn sọ ọ́ ní olú-ìlú títí ó fi sú mi. Wọ́n ní tí àwọn bá fi àyè àṣà sílẹ̀, àwọn gbọ́mọgbọ́mọ á gba ibẹ̀ wọlé. A ò sì rí wọn bá wí, torí ọwọ́ gbọ́mọgbọ́mọ náà la ti gba ọmọ yìí lọ́sẹ̀ tó lọ. Obìnrin tó jí i gbé yẹn ti ń fi í jẹun fún ìgbà pípẹ́ ká tó mọ̀." Ó mu tíì díẹ̀. "Ó ku àtúnsọ kan fún un. Jẹ́ kó wọlé padà kó pe orúkọ ọmọ. Kí ló le níbẹ̀? Àbí kẹ̀, kó o lo ìlẹ̀kẹ̀ ẹ."

Bó ṣe sọ ọ́ tán lojú tì í. "Má bínú. Ó bọ́ lẹ́nu mi ni."

Ṣìjúadé ti fi ọwọ́ òsì bo ọwọ́ ọ̀tún mọ́lẹ̀. Lára ẹ̀gbà òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ ewé kan wà, ó ń tàn fẹ́ẹ́rẹ́. Gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n fún ní ẹyọ kan. Ẹni tó bá fi í sẹ́nu Ìyálé ti jẹ́rìí fún olùbéèrè nìyẹn, iná pupa kò sì lè borí ẹ̀rí náà. Kò sí èkejì láéláé. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, òṣìṣẹ́ lè jẹ́rìí bó ṣe wù ú, àfi bí àwọn kan ṣe sọ ọ́ di ọjà tí wọ́n ń pàtẹ. Ni wọ́n bá ṣe é ní ẹyọ kan fún ẹnì kan. Láṣebìkan ti lo tirẹ̀ fún ìyá rẹ̀, tí jìnnìjìnnì omi ti gba ohùn lẹ́nu rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ ni Ṣìjúadé ń tọ́jú ìlẹ̀kẹ̀ tirẹ̀ dè. Ọmọ náà kò tíì pé ọjọ́ kẹjọ tí omi fi wọ ilé ìwòsàn tí Ṣìjúadé bí i sí. Àwọn nọ́ọ̀sì kó gbogbo ọmọ tuntun sínú ọkọ̀ kan, wọ́n gbé àwọn ìyá tí kò lè rìn sínú òmíràn, ìgbì sì yà wọ́n. Àwọn kan ní ọkọ̀ àwọn ọmọ gúnlẹ̀ sí òdì kejì, níbi tí ọ̀nà ti gé títí dòní. Lóòótọ́, láti ìgbà dé ìgbà, wọ́n máa ń gbé ọmọ kan tàbí méjì wá láti ọ̀hún. Ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀, kí ló máa sọ fún Ìyálé? Orúkọ tí yóò sọ gan-an, wọn kò tíì sọ ọ́.

Àlejò tó bá dé Òkè-Ààbò máa ń béèrè pé ṣé wọn ò lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ọ̀rọ̀ tán ni. Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò rí, kí omi tó dé. Ọ̀pọ̀ bàbá ló tibẹ̀ gbọ́ pé òun kì í ṣe bàbá, ilé tó sì tú nígbà náà kò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí èyí tí omi wá tú. Láti ìgbà náà ni òfin ti ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀jẹ̀ wá ẹbí mọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ yìí nìkan ló kù fún Ṣìjúadé. Ó ń wọ̀ ọ́ wẹ̀, ó ń wọ̀ ọ́ sùn.

Ó yíjú sí Àrìnpé. "Gbọ́, àbúrò mi. Wọlé padà, kó o pe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Mà, mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá ọkọ mi..."

"Ìyá ọkọ ẹ ti kú." Ọ̀rọ̀ náà le ju bó ṣe fẹ́ kó rí lọ, ó sì dùn ún bó ṣe ń jáde.

"Wọ́n ti kú lóòótọ́, mà," Àrìnpé wí jẹ́jẹ́. "Ṣé torí wọ́n ti kú ni kí n wá máa pe ọmọ wọn lórúkọ?"

"Torí kí wọ́n má baà gbé ọmọ wọn lọ ni. Ṣé o mọ ibi tí bàálù yẹn ń lọ? Ilé Ọmọ Ìjọba ni, ní Àríwá. Orúkọ tuntun ni wọ́n ń fún wọn níbẹ̀. Bó o bá rìn dé ọ̀hún lọ́la, tó o fẹsẹ̀ rìn ín, kò sẹ́ni tó máa mọ ẹni tó ò ń wá. Jọ̀ọ́. Pè é."

Àrìnpé wo ilẹ̀kùn yàrá òsì. Ó wá sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbọ̀ngàn lójú gbogbo èèyàn, ó sì doríkọ ọ̀nà ìsàlẹ̀, níbi tí omi pupa tẹ́ rẹrẹ sí títí dójú ọ̀run. "Ẹ foríjì mí, Màmá," ni ó wí. Ó dìde, ó nu orúnkún rẹ̀, ó sì wọ yàrá ọ̀tún lọ.

Ṣìjúadé lọ sí ojú fèrèsé òṣìṣẹ́, tí wọ́n ti lè rí ọmọ láìjẹ́ pé ọmọ rí wọn. Ọmọbìnrin kékeré kan ló wà lórí àga níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀. Wọ́n ti fún un ní búrẹ́dì, irú èyí tí wọ́n ń fi ewé odò ṣe, kò sì fẹnu kàn án. Wọ́n fún un ní omi ìkùukùu náà. Omi tí ẹ̀rọ ń fà látinú ìkùukùu ni gbogbo wọn ń mu lórí òkè, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ mu nínú odò tó gbé èèyàn rẹ̀ lọ.

"Fetí sílẹ̀," ni Ìyálé sọ fún ọmọ náà. "Ẹnì kan ń pè ọ́."

Ohùn Àrìnpé wọ inú yàrá náà láti ara ògiri. "Mojírádé. Mojírádé, èmi ni. Mo ti dé."

Ọmọ náà gbé orí sókè kíákíá, inú Ṣìjúadé sì dùn. Àfi bí ojú ọmọ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ó sún mọ́ ẹ̀yìn àga, ó fa ẹsẹ̀ méjèèjì sókè mọ́ra.

"Ohùn ta nìyẹn?" ni Ìyálé bi í.

"Ó ń ṣe bí ìyàwó wa."

"Ṣé òun ni?"

"Kì í ṣòun!" Ọmọ náà ti ń sunkún. "Ìyàwó wa kì í pè mí bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó gbé mi lọ níjọ́sí ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ó ń pè mí Mojírádé, Mojírádé, ó ní ìyàwó wa ló rán òun. Irọ́ ló ń pa. Ẹ má fi mí fún un! Ẹ jọ̀ọ́!"

Pupa tàn.

Ìbínú tó kọ́kọ́ gba ọkàn Ṣìjúadé, ara rẹ̀ ló dojú kọ. Òun ló ní kí obìnrin náà pè é. Ohun kan ṣoṣo tí ọmọ náà fi lè dá èèyàn rẹ̀ mọ̀ nínú gbogbo ayé tó kù yìí, òun ló ní kí wọ́n pa á tì, òun tí ìyá rẹ̀ náà jẹ́ ìyàwó ilé bíi ti obìnrin yìí, òun tó yẹ kó mọ̀. Ìyálé kò mọ̀ ni. Òun mọ̀, ó sì tún ṣe é.

Ó rò pé Àrìnpé máa figbe bọnu. Kò figbe bọnu. Ó jáde láti yàrá ọ̀tún, ó sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà bí àlejò tí wọn ò tíì ní kó jókòó.

"Mo sọ fún yín, mà," ni ó wí. "Mo ní mi ò pè é bẹ́ẹ̀ rí."

"O sọ fún mi," ni Ṣìjúadé dáhùn.

"Ní ibi tí wọ́n ń gbé e lọ, ṣé wọ́n máa jẹ́ kó faṣọ borí sùn? Ẹ̀rù òjò ti ń bà á báyìí. Tí òjò bá ń rọ̀, ẹ ní kí wọ́n máa dáhùn tó bá pè wọ́n. Kò fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí wọ́n ṣáà máa dáhùn."

Àwọn aṣọ́nà ọkọ̀ òfuurufú ti wọlé, wọ́n wọ aṣọ funfun. Ọ̀kan nínú wọn na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn yàrá òsì. Ó dá Ṣìjúadé lójú pé bí ilẹ̀kùn yẹn bá ṣí, tí ọmọ náà bá kọjá láàárín gbọ̀ngàn pẹ̀lú ẹkún lójú, Àrìnpé á pè é ní orúkọ tó mọ̀, ọmọ náà á dáhùn, wọ́n á sì ṣì mú un lọ, nítorí Ìyálé ti parí ọ̀rọ̀. Ó rò ó pé òun lè yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló ti yíjú rí.

"Ẹ dúró," ni ó wí.

Ó rìn lọ síwájú Ìyálé. Ìlẹ̀kẹ̀ náà kò tètè bọ́ lára ẹ̀gbà; eyín ló fi fà á yọ.

"Ẹ̀rí òṣìṣẹ́ kò ní àtúnṣe," ni Ìyálé wí. "Ìwádìí kan tó dá lórí ìlẹ̀kẹ̀ yìí ṣì wà ní ṣíṣí. Ọmọkùnrin. Kò ní orúkọ. Bí o bá jẹ́rìí níbí, ìwádìí náà yóò parí. Ṣé kí a tẹ̀ síwájú?"

Láṣebìkan ti gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣìjú," ni ó wí.

Ṣìjúadé ń rántí orí ọmọ tirẹ̀, bó ṣe rọ̀ lórí apá rẹ̀, àti òórùn wàrà tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó gbìyànjú láti rántí ojú rẹ̀. Kò rí i rántí, gẹ́gẹ́ bí kò ti rí i rántí láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni.

"Ṣé kí a tẹ̀ síwájú?" ni Ìyálé tún béèrè.

"Ẹ tẹ̀ síwájú."

Ó ju ìlẹ̀kẹ̀ náà sẹ́nu ẹ̀rọ. Iná ojú Ìyálé di aláwọ̀ ewé, ẹ̀gbà eérú ọwọ́ Àrìnpé sì di àwọ̀ búlúù, àwọ̀ agbo-ilé. Obìnrin náà kò tiẹ̀ wò ó. Ó ti dé ẹnu ilẹ̀kùn yàrá òsì. "Ẹyínfúnjowó! Ẹyínfúnjowó mi!" Láti inú lọ́hùn-ún ni ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti dáhùn, "Ìyàwó wa!" Gbogbo gbọ̀ngàn bú sí ariwo ayọ̀, àwọn kan ń jó. Ṣìjúadé padà sídìí tábìlì rẹ̀, ó jókòó. Inú rẹ̀ dùn sí wọn, ó sì tún ń jowú wọn gidigidi. Kò lè ya ọ̀kan kúrò lára èkejì.

Nígbà tí Àrìnpé wá kúnlẹ̀ fún un pẹ̀lú ọmọ náà lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ tó ti tóbi ju ẹni à ń pọ̀n lọ, ó ní, "Dìde, dìde, máa lọ sílé kí ilẹ̀ tó ṣú." Ó sì pe ẹni tó kàn.

Ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé kò jìnnà. Ọlánlẹ́hìn, ọkọ rẹ̀, ti dé ṣáájú rẹ̀, eruku pákó wà ní gbogbo irun rẹ̀. Kápẹ́ńtà ni. Òun ló ń kan ibùsùn àwọn ọmọ ọwọ́ sínú yàrá tí kò tíì ní òrùlé yẹn, kò sì sí ọjọ́ tó délé tí kò béèrè ohun kan náà.

"Ṣé wọ́n gbé ọmọ kankan wá láti òdì kejì lónìí?"

"Rárá o. Bóyá lọ́la," ni ìdáhùn tó máa ń fún un. Lónìí, ó na ọwọ́ ọ̀tún sí i nìkan ni.

Ọlánlẹ́hìn wo ẹ̀gbà náà, ó wo ihò tí ìlẹ̀kẹ̀ ti yọ kúrò. Ó wò ó pẹ́.

"Ta lo fún?"

"Ọmọ kan àti ìyàwó ilé wọn."

"O ò bi mí."

"Bí mo bá bi yín, ẹ máa ní kí n má ṣe é."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Màá ní kí o má ṣe é." Ó dìde, ó lọ dúró lójú fèrèsé, ó kẹ̀yìn sí i. Bàálù ń gbéra lọ́ọ̀ọ́kán. Ṣìjúadé ń dúró de ìbínú rẹ̀. Ó tiẹ̀ ń fẹ́ ẹ, nítorí bí ẹnì kan bá bá a jà, ọ̀rọ̀ yóò wà láti sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kò sí ìjà kankan lóhùn rẹ̀, oríkì rẹ̀ ló fi pè é.

"Mo ti mọ̀ tipẹ́ pé ọmọ náà ò ní dé mọ́, Àjọkẹ́. Mo kàn ń bi ọ́ ni. Mo rò pé bí mi ò bá béèrè mọ́, wàá sọ pé mo ti gbàgbé ẹ̀."

"Èmi náà," ni Ṣìjúadé wí. "Èmi náà kàn ń dá yín lóhùn ni."

Ọlánlẹ́hìn kúrò lójú fèrèsé. Ó yí padà sí i.

"Mo ti mú orúkọ kan sílẹ̀ fún un. Ọjọ́ kẹjọ ni mò ń dúró dè."

Ṣìjúadé kò mọ̀. Kò béèrè rí, nítorí wọn kì í sọ ọ́ kó tó dọjọ́ náà. Láti ìgbà náà wá, ọkùnrin yìí ti ń gbé e kiri lẹ́nu bí ẹni tó gbé omi sẹ́nu, tí kò lè gbé e mì, tí kò sì lè tu ú dànù.

"Ẹ sọ ọ́," ni ó wí.

Ọkọ rẹ̀ sọ ọ́.

"Fọlárìn."

Ṣìjúadé pè é jẹ́jẹ́, bí èèyàn ṣe ń pe ọmọ tó ń sùn lọ́wọ́. Ó tún un pè. Lẹ́yìn náà ni ó gbé orí lé tábìlì, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ọmọ rẹ̀, ẹkún tí kò sun lọ́jọ́ omi, tí kò sì sun láti ọjọ́ náà. "Fọlárìn," ni ó ń wí. "Fọlárìn, ọmọ mi." Ọkọ rẹ̀ wá jókòó tì í, ó gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn, kò sì sọ fún un pé kó dákẹ́.